Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ alákòóso ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Àkúrẹ́: ẹ má fi àjẹṣẹ́kù wa dúró fún káàdì àwìn

Sí Alága, Akọ̀wé, Akápò àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àbójútó ẹgbẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ yín ni mí, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní Àkúrẹ́ níbí, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń yọ owó àjẹṣẹ́kù lára owó oṣù mi. Mo bọ̀wọ̀ fún ipò yín, mo sì bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí yín. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo nawọ́ láti sọ ọ́ nípàdé, wọ́n ní àkókò ti lọ. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà, mo fi í sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, mi ò rí èsì. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e síta, kí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lè gbọ́, torí mo ń gbọ́ pé àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ń múra láti ṣe irú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ní ìpàdé tó kọjá, ẹ kéde pé ẹgbẹ́ ti bá ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan tọwọ́ bọ̀wé. Wọ́n á fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tí ₦200,000 wà nínú rẹ̀, tí a lè fi rajà ká tó sanwó. Bí oṣù bá parí, wọ́n á yọ ₦10,000 lára owó oṣù olúwarẹ̀ títí gbèsè á fi tán. Èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Lọ́jọ́ kan náà, ẹ kéde owó yíyá tuntun tí ẹ pè ní owó ayẹyẹ, èyí tí ọmọ ẹgbẹ́ á rí gbà láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ pín ìwé fún wa. Mo ka tèmi délẹ̀, mo sì ka ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà kéékèèké kọ, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé àjẹṣẹ́kù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló dúró fún gbèsè náà.

1. Ẹ ò sọ iye tí káàdì yìí máa gbà lọ́wọ́ wa.

Ohun tí ẹ sọ nípàdé ni pé, "₦10,000 péré lóṣù, ta ni kò lè san ìyẹn?" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò rẹ̀, torí ìṣirò wà lára ohun tí mo fi ń jẹun.

Ká sọ pé ẹnì kan ná ₦200,000 náà tán lẹ́ẹ̀kan, tí kò sì tún ná kọ́bọ̀ lé e mọ́. Lópin oṣù àkọ́kọ́, èlé ₦8,000 gorí rẹ̀. Ẹ yọ ₦10,000 lára owó oṣù rẹ̀. ₦8,000 nínú rẹ̀ bá èlé lọ, ₦2,000 ló dín nínú gbèsè. Oṣù kejì, ó ku ₦198,000, èlé rẹ̀ jẹ́ ₦7,920, ₦2,080 ló tún dín. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa rá pálá lọ. Nígbà tí ọdún kan bá fi máa pé, olúwarẹ̀ ti san ₦120,000, díẹ̀ ló sì kù kí gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ pé ₦170,000. Oṣù mọ́kànlélógójì ó lé díẹ̀ ni yóò fi san án, ìyẹn ọdún mẹ́ta àti oṣù márùn-ún, iye tí yóò sì ti jáde lọ́wọ́ rẹ̀ lé ní ₦410,000.

Ẹ wá jẹ́ ká fi owó yíyá tí ẹgbẹ́ wa ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ wé e. Ẹni tó bá yá ₦200,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni èlé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, oṣù méjìdínlógún ló fi ń san án. ₦220,000 ni gbogbo rẹ̀, ó ń lọ sí ₦12,222 lóṣù. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí ẹni méjèèjì ń san lóṣù jẹ́ nǹkan bí ₦2,222 péré, ṣùgbọ́n ọ̀kan bọ́ nínú gbèsè ní ọdún kan ààbọ̀, èkejì ṣì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fi ₦190,000 san jù ú lọ. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó nídìí tábìlì ẹgbẹ́ mọ ìṣirò yìí. Kí ló dé tí ẹ ò fi ṣe é fún wa?

Mo mọ̀ pé owó wọ́n láti yá ní Nàìjíríà báyìí. Báńkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, kò sì dín in kù àfi ní oṣù kẹsàn-án 2025, nígbà tó dín in sí 27. A ò retí pé kí ẹnikẹ́ni yá wa lówó lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ìdá mẹ́rin lóṣù jẹ́ ìdá méjìdínláàádọ́ta lọ́dún, kí a tó ka èlé tó ń gun orí èlé.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì mọ̀. Káàdì tí a mọ̀ ní Àkúrẹ́ ni ti ATM. Owó ẹni ló wà níbẹ̀. Bó bá tán, ẹ̀rọ á ní kò sówó, èèyàn á sì mú ọwọ́ rẹ̀ wálé. Ti àwìn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ₦2,000 bá ti dín nínú gbèsè, ₦2,000 náà tún ti ṣí sílẹ̀ láti ná nìyẹn. Mo gbọ́ tí màmá kan tó ń gbálẹ̀ ní sẹkitéríàtì Alágbàká ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ nígbà tí a ń jáde nípàdé pé, "Ẹgbẹ́ ti fún wa lówó." Ohun tó gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín nìyẹn o. Kò gbọ́ pé òun máa san án padà ní ìlọ́po méjì.

Àwọn tí wọ́n ti lo káàdì yìí pẹ́ jù wá lọ ti rí ibi tó ń gbéni lọ. Ní Amẹ́ríkà, báńkì kan fi káàdì tó 60,000 ránṣẹ́ sílé àwọn ará ìlú Fresno ní 1958, wọn ò béèrè fún un. Nígbà tó fi máa di 2023, gbèsè orí káàdì àwọn ará Amẹ́ríkà ti kọjá tírílíọ̀nù dọ́là kan. Ìjọba wọn rí i pé àwọn èèyàn ò mọ ohun tí wọ́n wọ̀, wọ́n ṣòfin ní 2009 pé kí ilé-iṣẹ́ káàdì máa kọ ọ́ sínú ìwé gbèsè tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù: bí o bá ń san èyí tó kéré jù nìkan, ìgbà báyìí ni yóò gbà ọ́, iye báyìí ni wàá san. Bí ìjọba olówó bá rí i pé ó yẹ kí òun sọ èyí fún àwọn èèyàn rẹ̀, kí ni ìgbìmọ̀ wa rí tí kò fi yẹ kó sọ ọ́ fún olùkọ́ àti agbálẹ̀?

2. Àjẹṣẹ́kù wa kì í ṣe ti yín láti fi dúró.

Èyí ló dùn mí jù. Ẹni tó gba káàdì àti ẹni tí kò gbà á, àpò kan náà ni owó wọn wà. Bí àwọn kan ò bá lè san, inú àpò yẹn ni ilé-iṣẹ́ náà yóò ti mú owó rẹ̀. Ìyẹn ni pé èmi tí mi ò ní gba káàdì ti di onídùúró fún àwọn tí mi ò mọ̀ rí, ẹnì kankan ò sì bi mí. Bí mo bá fẹ́ yá ₦50,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ẹ ní kí n mú onídùúró méjì wá, kí wọ́n fọwọ́ síwèé, kí wọ́n lẹ fọ́tò. Ẹ̀yin wá fi owó gbogbo wa dúró, ẹ ò gba ìbuwọ́lùwé ẹnì kan.

Ìpàdé gbogbogbòò ló ga jù nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ìgbìmọ̀ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ni. Mo ti wo ìwé òfin ẹgbẹ́ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò rí ibi tó ti fún ìgbìmọ̀ láṣẹ láti fi owó ọmọ ẹgbẹ́ dúró fún gbèsè lọ́dọ̀ ará ìta. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ fi hàn wá.

Ẹ rántí ohun tó bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ilẹ̀ yìí. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Tí oko ò bá tíì so, wọ́n á lọ yáwó lọ́wọ́ sógundógójì láti fi jẹun, láti fi sin òkú, láti fi fẹ́yàwó. Wọ́n á ta kòkó tó ṣì wà lórí igi fún oníṣòwò ní iye tó bá fẹ́. Ẹni tí kò lè san á fi oko dúró, ẹlòmíràn á fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà, ọmọ á máa sin olówó, iṣẹ́ tó ń ṣe á dípò èlé, ojú owó á ṣì wà níbẹ̀. Ní 1934, ìjọba amúnisìn gba àbọ̀ ìwádìí lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni Strickland lórí bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, òfin rẹ̀ sì jáde ní 1935. Àwọn tó ń gbin kòkó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kó ara wọn jọ lábẹ́ òfin yẹn, kí wọ́n lè máa fi owó ara wọn yá ara wọn, kí ọrùn wọn lè bọ́ lọ́wọ́ olówó èlé. Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí a wà yìí, kòkó ló kọ́ ilé tó pọ̀ nínú rẹ̀, kòkó ló rán ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa nílé ìwé. Ẹ̀yin fi ọwọ́ ara yín mú olówó èlé wọ inú ilé tí àwọn baba wa kọ́ láti fi sá fún un.

3. Owó ayẹyẹ jáde lọ́jọ́ méjì, owó ilé ìwé ọmọ ń dúró di oṣù mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó yé yín dáadáa: mi ò lòdì sí ayẹyẹ. Ọmọ Yorùbá ni mí. A ó sìnkú òbí wa, a ó sọmọ lórúkọ, a ó ṣe ìgbéyàwó, inú wa á sì dùn. Mi ò sì lòdì sí gbèsè. Ẹni tó yáwó ra ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹni tó yáwó kan òrùlé kí òjò tó dé, ẹni tó yáwó ra irúgbìn àti òògùn kòkó, gbèsè wọn ní ibi tó ń lọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹgbẹ́ wa ti pinnu èyí tó yẹ kó yára nínú méjèèjì, ó sì yan ìnáwó.

Mo mọ olùkọ́ kan nínú ẹgbẹ́ wa tó kọ̀wé béèrè owó láti fi san owó ìdánwò WAEC ọmọ rẹ̀. Kí owó ẹgbẹ́ tó jáde, ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ti kọjá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìlẹ̀ Olújìí ló bá a san án. Lábẹ́ ètò tuntun yìí, bí olùkọ́ yẹn bá sọ pé òun fẹ́ ra aṣọ ẹbí ni, ọjọ́ méjì ni.

Ojúlùmọ̀ mi mìíràn fi ìwé owó oṣù rẹ̀ hàn mí. Ó gbà kí n sọ ọ́, kò gbà kí n dárúkọ òun. Àjẹṣẹ́kù wà lókè. Owó ẹgbẹ́ olùkọ́ tẹ̀ lé e. Owó tó yá ní báńkì wà níbẹ̀, owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa wà níbẹ̀, owó ankara ẹgbẹ́ wà nísàlẹ̀ wọn. Ohun tó kù fún un láti gbé délé lóṣù náà jẹ́ ₦14,300. Ó ní ọmọ mẹ́ta. Owó báńkì yẹn, ìsìnkú bàbá rẹ̀ ló fi ṣe: gbọ̀ngàn ńlá, olórin, màálù méjì, agbada àti àwo tí wọ́n kọ orúkọ bàbá sí lára tí wọ́n pín fún àlejò. Ó ní nígbà tí bàbá náà wà láàyè, òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ máa ń tán kí oṣù tó parí, wọn kì í sì í rówó ra òmíràn. Ó sọ ọ́, ó sunkún. Mi ò dá a lẹ́bi o. Àwọn ẹbí ló ní kò gbọdọ̀ kéré, àwọn ará àdúgbò ló ń retí rẹ̀, àwa olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ló lọ síbẹ̀ lọ jẹun, tí a sì wo bí ó ti tó.

Èyí ni mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ wò dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Ní ìlú yìí, ó ti di ìtìjú láti sọ pé "mi ò ní in." Obìnrin tó bá wọ léèsì kan náà lọ sí òde mẹ́ta, wọ́n ti rí i. Ẹni tó bá ní òun ò ní ra aṣọ ẹbí ₦45,000, wọ́n á ní ó ń jowú ẹni tó ń ṣayẹyẹ ọ̀hún. Ẹ lọ sójú ọ̀nà Ìgbátòrò lọ́jọ́ Sátidé, níbi tí ọkọ̀ ti ń tò dé Dome, gbọ̀ngàn ayẹyẹ ńlá yẹn, ẹ ka iye ènìyàn tó wọ aṣọ tuntun, kí ẹ wá bi ara yín léèrè iye nínú wọn tó ti sanwó aṣọ náà tán. Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Mo ń fi kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, mo sì ń wò ó pé àwọn òbí wọn ò lè gbé e, torí àwọn aṣáájú ò gbé e.

Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ankara ẹgbẹ́ tí mo mẹ́nu bà lókè yẹn, ẹ̀yin lẹ yàn án fún ìpàdé ọdún, ₦18,000, ẹ sì yọ ọ́ lára owó oṣù wa láìbéèrè. Àwọn tó ní kí ẹ yọ tiwọn kúrò, ẹ ní wọn ò nífẹ̀ẹ́ ẹgbẹ́. Mo rí àwọn tó gbà á tí wọn ò rówó rán an.

4. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ sí wa kò dára.

Nígbà tí ẹnì kan béèrè nípàdé bóyá gbèsè yìí ò ní pọ̀ jù, ọ̀kan nínú yín dìde, ó ní ìṣòro òṣìṣẹ́ ìjọba ni pé wọn ò mọ owó ná, pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín.

Owó oṣù tó kéré jù ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ₦73,000 tí Gómìnà Lucky Aiyedatiwa fọwọ́ sí ní 2024, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló fi lé sí ti ìjọba àpapọ̀. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ₦73,000 lọ sí Ọjà Ọba, kí ẹ ra ráìsì, ẹ̀wà, gàrí àti epo tó lè tó ẹni márùn-ún jẹ fún oṣù kan, kí ẹ padà wá sọ iye tó kù fún owó ọkọ̀, owó ilé àti owó iná. Ẹni tó ń gba iye yìí tó sì wọ gbèsè nítorí pé ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, kì í ṣe aláṣejù. Kò yẹ kí a dá òun àti ẹni tó yáwó ṣe ṣekárími pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan, ká wá fi òwe nà wọ́n. Ìnáwó níwọ̀n ara ẹni jẹ́ ohun tí mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wàásù rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ máa fi ọwọ́ kejì na káàdì àwìn sí i.

₦10,000 tí ẹ pè ní péré yẹn, nǹkan bí ìdá kan nínú méje owó oṣù ẹni tó ń gba ₦73,000 ni.

5. Àwọn tí áàpù ayánilówó ń dààmú, ẹ ò ṣe nǹkan kan fún wọn.

Láàárín wa, àwọn tó jẹ gbèsè orí fóònù pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Owó ẹgbẹ́ kì í tètè jáde, àwọn ayánilówó tí a ń pè ní gbọ́mú-lé-láńtà ń fẹ́ kí wọ́n san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí náà wọ́n á tẹ fóònù, owó á wọlé láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Olùkọ́ kan yá ₦15,000 báyìí láti fi gba ọmọ rẹ̀ sílé ìwòsàn lóru. Wọ́n ní kó san ₦21,000 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó pẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, fóònù ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa dún. Mo wà níbẹ̀. Fọ́tò olùkọ́ náà ló kọ́kọ́ jáde, wọ́n fi ìlà pupa yí i ká, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé olè ni, pé ó ti sá lọ, kí ẹni tó bá rí i mú un. Irú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ rẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa ń bá a gé ẹran lọ́jà. Láyé àtijọ́, ológò ni olówó máa ń rán lọ jókòó sílé onígbèsè, kó máa pariwo, kó máa pa adìẹ ilé jẹ, títí ojú á fi ti ẹbí tí wọ́n á san. A rò pé ìyẹn ti lọ. Ológò ti padà dé, inú fóònù ló ń gbé báyìí.

Òfin wà tó lòdì sí èyí. FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ àwọn áàpù wọ̀nyí sílẹ̀ láti 2022, wọ́n sì gbé ìlànà tuntun jáde ní 2025 tí owó ìtanràn rẹ̀ lè dé ₦100 mílíọ̀nù. Òfin ààbò ìsọfúnni ẹni tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti kó orúkọ àwọn ojúlùmọ̀ rẹ kúrò lórí fóònù kó sì máa fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà lọ́dọ̀ wọn. Olùkọ́ yìí kò mọ èyíkéyìí nínú wọn. Ó wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́, ó ní kí wọ́n ran òun lọ́wọ́, wọ́n ní ẹgbẹ́ ò rán an níṣẹ́.

Mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń ka lẹ́tà yìí mọ ohun kan: gbèsè kì í dédé lọ. Láti 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti fún àwọn báńkì láṣẹ láti yọ gbèsè tí ẹnì kan ò san nínú àkáǹtì mìíràn tó bá ní, níbikíbi tí BVN rẹ̀ bá so ó mọ́. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé ẹ gbà á ná, ẹ lè máà san án, kò fẹ́ràn yín.

6. Ohun tí a ń béèrè.

Ẹ gba àjẹṣẹ́kù wa kúrò nínú ìwé tí ẹ bá ilé-iṣẹ́ náà tọwọ́ bọ̀, kó má ṣe dúró fún gbèsè káàdì kankan. Èyí kò ṣeé dúró de ìpàdé, ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ dá ọ̀rọ̀ káàdì dúró títí ìpàdé gbogbogbòò á fi dìbò lé e lórí. Kí ìdìbò tó wáyé, ẹ fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ kọ ọ́ gàgàrà sí ojú ìwé àkọ́kọ́: bí o bá ná ₦200,000, tí o sì ń san ₦10,000 lóṣù, wàá san án fún oṣù mọ́kànlélógójì ó lé díẹ̀, wàá sì san ju ₦410,000 lọ. Kí àwọn tó ti fọwọ́ síwèé láyè láti yọ orúkọ wọn láìsan kọ́bọ̀.

Ẹ fi ọjọ́ méjì tí ẹ fún ayẹyẹ fún ìwòsàn àti owó ilé ìwé. Ẹ yọ díẹ̀ nínú èrè tí a ń pín lọ́dún sílẹ̀ fún owó pàjáwìrì, kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gbóná lóru má ṣe máa sá tọ áàpù lọ. Fún àwọn tó fẹ́ ṣe ìnáwó, ẹ ṣí èésú fún wọn: ẹni tó mọ̀ pé òun máa ṣe ìgbéyàwó ọmọ lọ́dún tó ń bọ̀, kó máa dá ohun tí agbára rẹ̀ ká lóṣooṣù, kó gbé e lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ná an. Àwọn alájọ inú Ọjà Ọba ń ṣe é pẹ̀lú ìwé pélébé àti bírò, a ò ní kùnà láti ṣe é.

Ẹ fagi lé aṣọ ẹgbẹ́ tipátipá. Bí ìpàdé ọdún bá dé, kí ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ wọ ohun tí ẹ ti ní nílé wá, kí Alága jókòó síwájú pẹ̀lú agbádá àná rẹ̀. Ẹ ò mọ iye ọkàn tí ìyẹn nìkan máa tù.

Ẹ yan ẹnì kan ní ọ́fíìsì tí yóò máa ran ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ láti kọ ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí FCCPC nígbà tí áàpù bá ń bà á lórúkọ jẹ́. Bí ẹ ò bá rí ẹni tí yóò ṣe é, èmi yóò máa wá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn tí ilé ìwé bá parí.

A ń retí èsì yín kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó wáyé. Bí a ò bá rí i, a ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Alágbàká, lọ́dọ̀ ẹ̀ka ìjọba tó ń mójú tó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ìpínlẹ̀ yìí, a ó sì ní kí wọ́n wá yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń fọwọ́ síwèé náà. Àwọn olùkọ́ wà níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, màmá tó ń gbálẹ̀ ní Alágbàká náà ti fọwọ́ sí i lẹ́yìn tí mo bá a ṣe ìṣirò náà tán.

Èmi ni tiyín nínú ẹgbẹ́,
Olùkọ́ kan, Àkúrẹ́